Òòfà Tí Wọ́n Lọ Fún Lágbára ní Nkpor

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí làákàyè àgbà ọkùnrin mọ, ẹ wá sí Onitsha ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti tú. Ilé alájà kan wà lọ́nà Nkpor tí wọn ò tíì kọ́ parí. Ẹ gun àtẹ̀gùn rẹ̀ dókè, ẹ ó rí àwọn ọkùnrin tó ti bímọ, tí ọmọ àwọn kan nínú wọn náà ti bímọ, tí wọ́n nà gbalaja sórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Ẹ lè kọ́kọ́ rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà. Ó tì o. Abẹ́ ọkọ̀ ìṣeré ni wọ́n ń yọjú wò, ọkọ̀ bíńtín tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Èmi ni mo rán púpọ̀ nínú aṣọ tí wọ́n fi ń nu sìmẹ́ńtì yẹn. Mo mọ wàhálà tí mo ṣe kí kọ́là tó dúró, mo sì mọ bí mo ṣe lọ̀ ọ́ títí tó fi ń dán. Nítorí náà, tí ọ̀rọ̀ mi bá korò níhìn-ín, ẹ forí jì mí, tàbí kí ẹ má forí jì mí. Èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì, ó dáa.

Bàbá mi wà láàárín wọn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹ má baà rò pé ará ilé ẹlòmíràn nìkan ni mò ń bú.

Bàámi kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Onitsha nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ló gbé dání, kò sì padà mọ́, àfi ìgbà òkú àti ìgbà ìgbéyàwó. Onitsha yẹn ni wọ́n bí mi sí. Kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà dáadáa ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "Nne, kedu" sí ìyá oníyọ̀ tó wà nídojúkọ ṣọ́ọ̀bù wa. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàámi, èmi ni mo gba ìdí ẹ̀rọ, òun wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gán bọ́tìnnì, ó ń kí àwọn tó ń kọjá. Papa Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èmi ni wọn kì í fẹ́ kàn, nítorí ẹnu mi. Tí oníbàárà bá gbé aṣọ wá lónìí, tó ní òun fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́la, mo máa ń lanu láti sọ irú ènìyàn tó jẹ́ fún un. Bàámi á wá wúkọ́. Kì í ṣe pé òtútù mú un o. Ikọ́ kékeré kan ni, ó gbẹ, ó sì kúrú. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, màá panu mọ́. Ikọ́ yẹn ló jẹ́ kí a ṣì ní oníbàárà.

Ìyá mi ti padà sílé ní tirẹ̀. Orúnkún ló lé e lọ. Kò lè gun àtẹ̀gùn ilé tí a ń gbé ní Obosi mọ́, ó sì ní òun ò ní jẹ́ kí ikú bá òun lórí àtẹ̀gùn onílé. Ó lọ jókòó sínú ilé tí àwọn méjèèjì jọ kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń retí ọkọ rẹ̀. Bàámi ní òun á tẹ̀lé e tí Kérésì bá ti kọjá. Kérésì kọjá. Ó ní ó di lẹ́yìn Àjíǹde. Jésù jíǹde, Bàámi ò kúrò lójú kan. Tó bá sọ fún yín pé ṣọ́ọ̀bù ló dá òun dúró, ẹ má gbà á gbọ́. Èmi tí mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, n ò dá a dúró.

"Mọ́tò tó ń sá kiri yẹn, kò tíì gbé e dé ọ̀dọ̀ mi?" Báyìí ni ìyá mi ṣe máa ń bi mí lórí fóònù. Ẹ ti rí ibi tí mo ti mú ẹnu wá sáyé. Ó máa ń rẹ́rìn-ín tó bá sọ bẹ́ẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í pẹ́. Mo máa ń gbọ́ bí ilé ṣe dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì máa ń dùn mí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe eré náà nìyí. Wọ́n lọ ra pátákó pẹlẹbẹ ní Ogidi, wọ́n gé e, wọ́n sì fi ṣe ọ̀nà tóóró tó ní ògiri lọ́tùn-ún lósì, tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní bátìrì nínú àti mọ́tò iná kékeré kan, irú èyí tó máa ń yí kásẹ́ẹ̀tì láyé àtijọ́. Wọ́n á tan ọkọ̀, wọ́n á gbé e sílẹ̀, á máa sáré láàárín ògiri méjèèjì títí tó fi máa yí po. Kò sẹ́ni tó wà á. Kò sẹ́ni tó ń darí rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wá gbọ́ ariwo: "Bend! Bend now! Pass am!" Ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀? Mo ti bi wọ́n rí. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin oníkùn kan tó ń ta bátìrì ọkọ̀ gidi, wò mí bí ẹni ń wo kèfèrí.

"Nne, e dey hear," ló wí.

Nínú mọ́tò kékeré yẹn, òòfà méjì ló wà níbẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ bí èékánná, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Irin tí wọ́n we wáyà mọ́ ló ń yí láàárín wọn. Bí mọ́tò bá ń gbóná jù, tàbí tó bá ń já bọ́ léraléra, agbára òòfà á máa dín kù. Bàámi ló sọ èyí fún mi, kì í ṣe pé mo bi í. Àìlera òòfà yìí ni ọkùnrin kan ní Nkpor wá sọ pé òun ní oògùn rẹ̀.

Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni kó máa tún wáyà fáànù àti jẹnẹrétọ̀ tó bá jóná wé. Ó jókòó lọ́jọ́ kan, ó kan àpótí kan, ó to àwọn agolo kékeré tó ń gba iná pamọ́ sínú rẹ̀, ó sì we wáyà kọ́pà tó ki mọ́ irin kan lórí àpótí náà. Tí wọ́n bá gbé mọ́tò wá, á fi í há àárín irin yẹn, á jẹ́ kí iná kún inú àwọn agolo, á ní kí gbogbo ènìyàn sún sẹ́yìn, á wá tú iná náà sínú wáyà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbàù! Àpótí á fò sókè, adìẹ á sá, àwọn àgbà ọkùnrin á pàtẹ́wọ́. Ó ti parí nìyẹn. Òòfà ti gba agbára.

Kí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó gba agbára? Píìnì. Píìnì tèmi. Ó ní àwo kan tó bu píìnì sí. Á kọ́kọ́ ki mọ́tò bọ̀ ọ́ kó tó dún gbàù, á gbé píìnì díẹ̀. Tó bá ti dún tán, á tún ki í bọ̀ ọ́, píìnì á wá rọ̀ mọ́ ọn pítípítí bí èèrà mọ́ ṣúgà. Ibo ni píìnì náà ti wá? Ṣọ́ọ̀bù mi ni. "Nne, abeg, dash me pin small," ni wọ́n máa ń wí tí wọ́n bá ń kọjá, èmi náà á rò pé aṣọ ìyàwó wọn ló ya. Ìgbà tí n kò rí píìnì fi di ẹgbẹ́ aṣọ oníbàárà mú mọ́ ni mo bi Bàámi, òun ló sì sọ ibi tí píìnì mi ń lọ fún mi, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá wọn ní Nkpor. Mo bá àwọn ọkùnrin tó tò síbẹ̀ bí aláboyún níwájú nọ́ọ̀sì, oníkálukú pẹ̀lú mọ́tò tirẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́. Oníbátìrì wà níwájú. Aláàpótí rí mi, ó rò pé mo wá wòran.

"Madam, see power!" ó gbé mọ́tò kan sókè, píìnì mi sì ń mì dirodiro lára rẹ̀.

"Na my pin be that," mo dá a lóhùn. "Power wey only sabi thief pin."

Inú ò bí i. Ẹni tó gbà pé òun ti rí òtítọ́, inú kì í bí i. Ó fi sùúrù ṣàlàyé fún mi bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọmọdé ní kátíkísìmù. "Madam, anything wey strong must fast."

Ohun tó bá lágbára gbọ́dọ̀ yára. Gbogbo wọn mi orí. Níwájú wa níbẹ̀, lójú títì márosẹ̀, tírélà kan tó kó sìmẹ́ńtì ń wọ́ lọ, tó ń kérora, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà tó yíjú sí títì. Mo da àwo píìnì náà sínú báàgì mi pátápátá, mo sì padà sílé.

Bàámi ò gbé mọ́tò tirẹ̀ lọ síbẹ̀ rí. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo rí fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi ṣomi, ó wá fi ìka kan ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, irin tó máa ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀.

"Tí o bá dè é lórí aṣọ jù ńkọ́?"

"Aṣọ ò ní rìn, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Òòfà náà nìyẹn. Tó bá rẹ̀ jù, mọ́tò ò ní lè gbé ọkọ̀, á kàn máa gbóná lásán. Tó bá sì lágbára jù, á máa di irin àárín yẹn mú. Yóò gbéra kíá, yóò jáde ní kọ́nà kíá, ṣùgbọ́n tó bá débi tí ọ̀nà gbé gùn gbọọrọ, kò ní sáré. Ó ti di ara rẹ̀ lọ́wọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

"Inú wọn ń dùn. Wọn ò sì bi mí."

Ẹ wo ọgbọ́n. Ẹ wo irú ọgbọ́n tí bàbá mi ní, tó sì lọ fi ń tọ́jú ọkọ̀ tí ọmọ ọwọ́ lè gbé mì. Agolo bọ́tìnnì ló ń fi mọ́tò rẹ̀ sí, ó fi àkísà aṣọ òtútù wé e. Ìyá mi ń sùn nílé, kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan wé e.

Lẹ́yìn èyí ni ìyá mi ṣubú ní balùwẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é léṣe, apá ló kàn bó, ṣùgbọ́n ó wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí aládùúgbò fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n pè mí. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, mo gun àtẹ̀gùn ilé tí wọn ò kọ́ parí yẹn, mo bá Bàámi lórí ìkúnlẹ̀. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, pé ìyá mi ṣubú. Mo tún un sọ ní Ìgbò kí gbogbo ilé lè gbọ́. Mo ní ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Mo ní àwọn ará ibi tí a wà yìí gan-an, tí Kérésì bá dé, wọn kì í kù lọ́nà, gbogbo wọn ló ń lọ sílé baba wọn. Bàbá tèmi ló fẹ́ sọ pátákó Ogidi di ilé. Oníbátìrì ń wo bàtà rẹ̀.

Bàámi dìde, ó gbọn orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Ó bi mí pé apá wo ló bó, mo sọ fún un. Ó wá yíjú sí àwọn ọkùnrin yẹn, ó fi èdè tí gbogbo wọn gbọ́ sọ̀rọ̀.

"Next Sunday, for the new road. If my motor win, my pikin no go talk this matter again. I go go house the day wey my mind reach am. If e no win, Tuesday I dey inside bus."

Ẹ gbọ́ o. Ìyàwó ṣubú, ọkọ ń ta tẹ́tẹ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un bí a ṣe ń rìn lọ sílé, kò sì jiyàn. Ìgbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Obosi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀. "Àwọn tí mo mọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti kú tán. Tí mo bá jókòó síta níbẹ̀, ta ni yóò kí mi? Ìyá rẹ nìkan ló kù tó mọ̀ mí." Mo ní ìyá mi nìkan náà tó. Ó ní òun mọ̀ pé ó tó. Ẹ̀rù ló ń bà á, mo sì rí i, àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀, ṣùgbọ́n n ò jẹ́ kí àánú náà tàbùkù ìbínú mi.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ó lè borí. Ọ̀nà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò yẹn gùn láti ògiri dé ògiri, gbọọrọ, kọ́nà inú rẹ̀ ò pọ̀. Irú ọ̀nà tí mọ́tò Bàámi fẹ́ nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dán an wò, tirẹ̀ ló ń fò kọjá àwọn tí wọ́n ti fún lágbára, wọn ò sì bi ara wọn léèrè ìdí rẹ̀. Oríire ni wọ́n ń pè é.

Wọ́n ní òfin kan. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, gbogbo ọkọ̀ tó máa sáré lọ́la ni wọ́n ń kó sínú àgò adìẹ onírin kan, wọ́n á tì í, kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ oníbátìrì. Ohun tó bá ti wọ àgò, òun náà ló gbọ́dọ̀ sáré. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ mọ́tò lẹ́yìn ìyẹn, àfi kó dúró láàárín gbogbo wọn kó sọ ohun tó rí. Bàámi gbé ọkọ̀ rẹ̀ sínú àgò lálẹ́ Sátidé yẹn, ó sì wá jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, mo dé ibẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mo wọ aṣọ tó dáa. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé inú àwọn ọkùnrin yẹn ń dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ń wo Bàámi, wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn, bí ìyá tó fi ẹran pamọ́ sábẹ́ ìrẹsì ọmọ, tó wá ń retí kó rí i. Oníbátìrì ṣí àgò. Bàámi gbé ọkọ̀ rẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó dúró. Ó tún un yí. Ó gbójú sókè, ó wo oníbátìrì, oníbátìrì sì ṣẹ́jú sí i. Ó wo àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wò wọ́n tán. Mo rò pé ogbó ló ń ṣe é.

"Daalụ nụ," ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, ó sì gbé ọkọ̀ sílẹ̀. Mo rò pé ìkíni lásán ni.

Wọ́n tú àwọn ọkọ̀ sílẹ̀. Tiwa ló kọ́kọ́ já jáde, ó ta bí ẹni tí wọ́n tì. Ó wọ kọ́nà àkọ́kọ́, òun ló wà níwájú. Àwọn ọkùnrin yẹn fò sókè, wọ́n ń pariwo "Papa! Papa!" bí ẹni pé ìjọba ló ń kọjá. Ó wá bọ́ sójú ọ̀nà gbọọrọ. Àwọn tó kù ń hán bí ẹ̀fọn, tiwa ń kùn nísàlẹ̀ bí ẹ̀rọ ìlọta. Ọkọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta bàtà gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá. Òmíràn tún kọjá. Nígbà tí wọ́n fi máa yí po, ọkọ̀ Bàámi wà láàárín àwọn ẹlẹ́yìn. Èmi nìkan ni mo pàtẹ́wọ́.

Oníbátìrì ṣí fìlà. "Nna anyị, ndo," ló ń wí ṣáá, pé Bàbá wa, pẹ̀lẹ́, ọkùnrin ńlá yẹn, lórí ọkọ̀ ìṣeré. Bàámi bọ oníbàtà tó borí lọ́wọ́. Ó wá sọ pé "Tuesday," kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mi dùn, n ò ní purọ́. Mo pe ìyá mi láti orí àtẹ̀gùn.

Ní àárọ̀ Tuesday, mo sìn ín lọ sí ibùdókọ̀. Wọ́n ti di ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, a wà lórí ìjókòó, à ń retí kí ó kún. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ mọ́tò kékeré náà jáde, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Yí i."

Mo fi ìka yí irin ẹnu rẹ̀. Kò yí geere. Ó ń di ara rẹ̀ mú, ó ń tú, ó tún ń dì mú. Abẹ́rẹ́ kan tí mo gbàgbé sí àyà aṣọ mi gbé orí sókè, ó sì yí sọ́dọ̀ mọ́tò náà nígbà tí mo gbé e súnmọ́ àyà. Mo mọ̀ kó tó sọ ọ́.

"Wọ́n gbé e lọ sí Nkpor."

"Ta ni?"

"Gbogbo wọn ni. Wọ́n ṣí àgò lálẹ́ Sátidé."

"Ẹ mọ̀ kí ẹ tó gbé e sílẹ̀?"

"Àtàǹpàkò mi mọ̀."

"Ẹ wá dákẹ́?" Mo ti gbé ohùn sókè, àwọn èrò ti ń wò wá. "Bàámi, ẹ ní mọ́tò mìíràn nínú agolo. Ẹ ò bá kàn sọ ọ́!"

"Kí n dúró láàárín wọn, kí n ní ẹ̀yin lẹ ba nǹkan mi jẹ́? Wọ́n fẹ́ kí n borí ni. Wọ́n fẹ́ kí n dúró. Tí mo bá sọ ọ́, mo máa dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní lè wo ojú mi mọ́. Kí ni mo wá fẹ́ fi irú dídúró bẹ́ẹ̀ ṣe?" Ó gba mọ́tò náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó sì dá a padà fún mi. "Ìyá rẹ náà sì ṣubú."

Mo ní mo ń lọ bá wọn. Mo ní bí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì yìí, àti oníbátìrì àti aláàpótí, wọ́n á gbọ́ ohun tí etí wọn ò gbọ́ rí. Mo ní òmùgọ̀ tó ní ìfẹ́ burú ju ọ̀tá lọ. Bàámi wúkọ́, ikọ́ kékeré tó gbẹ yẹn. Mo dákẹ́.

"Ẹyin lọ̀rọ̀," ó ní. "Má sọ fún wọn. Kì í ṣe lónìí nìkan o. Má sọ fún wọn rárá."

Ọkọ̀ kún, mo sọ̀kalẹ̀.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Ìyá mi ń fi ẹjọ́ Bàámi sùn mí lórí fóònù: ó ti tú fáànù òun palẹ̀, ó tún un tò, ó ń dún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó máa ń rẹ́rìn-ín tó bá ń sọ ọ́, ẹ̀rín náà sì máa ń pẹ́. Bàámi ní òun ń jókòó síta, àwọn èèyàn ti ń kí òun díẹ̀díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí fún. Ó ní kí n máa jẹ́ kí òun gbọ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ wò mí, èmi. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú gèlè ṣọ́ọ̀ṣì lórí, màá gun àtẹ̀gùn yẹn, màá jókòó sórí àpótí tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún mi, màá na apá mi pẹ̀lú fóònù sí ẹ̀gbẹ́ pátákó Ogidi, apá á sì máa ro mí. Mo ṣì ka gbogbo wọn sí òmùgọ̀. Wọ́n ṣì ń gbé mọ́tò lọ sí Nkpor, wọ́n ṣì ń bọ̀ wá tọrọ píìnì. Bàámi á máa gbọ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́, á máa sọ fún mi pé, "Èyí tó kọjá yẹn, wọ́n ti fún un lágbára. Ó ń kérora." Kì í ṣì í. Èmi á sọ fún wọn pé Papa ní wọ́n ń ṣe dáadáa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí eré parí, oníbátìrì wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, sórí sìmẹ́ńtì, pẹ̀lú ṣòkòtò tí mo rán. N ò tíì pa fóònù. Ó ń fi ọwọ́ nu pátákó níbi tí kò dọ̀tí.

"Nne, I wan tell you something. Na we cause am. That night, we carry Papa motor go Nkpor, make e win, make e no go. But we fear say the thing go burn, so we knock am only once." Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "E no strong reach. If to say we knock am well well, Papa for still dey here."

Mo yíjú sí i. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń kó jọ láti àárọ̀ ọjọ́ tí mo sin Bàámi dé ibùdókọ̀ yẹn ti dé ẹnu mi, mo ti la ẹnu.

Nínú fóònù ọwọ́ mi, Bàámi wúkọ́.

"Ndo," ni mo sọ fún oníbátìrì.